Apá Keje Obìnrin Inú Ìràwọ̀

Ẹni tó bá gbé Ẹ̀jìgbò lọ́dún 1983, tó wá ní òun kò mọ Obìnrin Inú Ìràwọ̀, ẹ bi í pé ibo ló máa ń wà ní aago méje ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Eré tẹlifíṣàn ni, alápá méje, ọ̀sẹ̀ kan apá kan. Obìnrin kan já bọ́ láti ojú sánmà sínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kò gbọ́ èdè wa, kò sì lanu. Tọkọtaya àgbẹ̀ kan gbà á sílé, ó ń bá wọn roko, ó ń wo òkè. Ní apá keje, àwọn èèyàn rẹ̀ wá mú un lọ. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ ní Àbíjàn pé eré yẹn kò dára. Níbi tí àwa ará ilé bá ti ń jẹ àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará ibẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí ẹnì kan bá dárúkọ ẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá mo tún un wò. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síbí, àti ohun tí n kò lè rí mọ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí aṣọ. Èmi àti Ṣàkírù la jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa kú, Ṣàkírù ló gba ṣọ́ọ̀bù, èmi ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fàòsíyà náà sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń dákẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ọmọbìnrin kan tó ń rá kiri lábẹ́ máṣíìnì wa, Wàlíyátù. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn tó fẹ́ ya eré náà wá bá Ṣàkírù, wọ́n gbé aṣọ kan tó ń dán bí ìkòkò tuntun kalẹ̀, wọ́n ní kó fi rán ẹ̀wù fún òṣèré tó fẹ́ ṣe ará ìràwọ̀. Ìwọ̀n obìnrin náà wà nínú ìwé. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi kọ ọ́. Téépù ọrùn Ṣàkírù sì rèé, ojú íǹṣì nìkan ló kù lára ẹ̀, òógùn ti pa ojú kejì rẹ́.

Ṣàkírù wo ìwé náà títí. "Àyà méjìléláàádọ́rùn-ún? Ṣé erin ni wọ́n fẹ́ wọ aṣọ fún ni?"

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí ìwọ̀n ò bá yé wa, a kì í dá oníbàárà lóró. Ẹni tó bá wà nítòsí tí ara ẹ̀ jọ ti oníbàárà la máa ń fi gé aṣọ. Ṣàkírù bi ẹni tí wọ́n rán wá pé báwo ni òṣèré náà ṣe rí. Onítọ̀hún ní kò sanra. Ṣàkírù ní kí Fàòsíyà dìde dúró, ó wọn ọ́n, ó gé aṣọ tán pátápátá, kò ku èyí tó máa di àpò.

Nígbà tó di ọjọ́ ìyàwòrán, gbogbo wa gbé ẹ̀wù náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ya eré. Òṣèré gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ẹ̀wù yẹn, ẹsẹ̀ kejì kọ̀. Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn pariwo débi tí àwọn àgbẹ̀ fi jáde láti oko. Aṣọ ò sí mọ́, owó ọkọ̀ ti lọ. Ó ní, "Ta ni aṣọ yìí wọ̀?" A tọ́ka sí Fàòsíyà. Bó ṣe di ará ìràwọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kò ṣòro, ṣebí kò ní sọ̀rọ̀ àfi lápá tó kẹ́yìn.

Mo wo apá mẹ́fà nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí tẹlifíṣàn dúdú-òun-funfun tí Ṣàkírù máa ń so mọ́ bátìrì mọ́tò. Fàòsíyà alára á jókòó láàárín wa, á máa bo ojú. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú apá keje, mo wọ ọkọ̀ Àbíjàn. Ìgbà yẹn ni àǹfààní ìrìnnà yọ, n kò sì lè ní kó dúró de eré. Ṣàkírù ní kí n má dààmú, òun á gba apá keje sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi. "Ojú ẹ ni ò ní rí i, etí á gbọ́ ọ."

Ó sì ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dẹ́rẹ́bà gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ láyé ìgbà náà lè má mọ̀: kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Ará ilé á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ará Àbíjàn á gbọ́ ọ, á fèsì sórí kásẹ́ẹ̀tì kan náà, dẹ́rẹ́bà á sì gbé e padà. Ní ojú kìíní èyí tí mo gbà, ìyá mi ló wà níbẹ̀ tó ń kí mi, tó ń ṣàdúà, tó ń bi mí bóyá mò ń jẹun. Ní ojú kejì, apá keje, pẹ̀lú ariwo gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ eré náà lẹ́ẹ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà ní òun ń lọ, mo yan ojú tí màá fèsì sí. N kò lè sọ̀rọ̀ lé ìyá mi lórí. Ojú kejì ni mo yàn.

Fàòsíyà kú ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú oyún. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sọ fún mi.

Wàlíyátù ló pè mí lọ́dún tó kọjá. N kò mọ nọ́ńbà náà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wàlíyátù ni, ọmọ Fàòsíyà."

"Fàòsíyà wo?"

"Fàòsíyà inú ìràwọ̀."

Mo ní kó máa wí. Ó ní ẹnì kan tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tẹlifíṣàn náà ti rí fídíò eré yẹn nínú àpótí, ó sì ti gbé apá mẹ́fà sórí ayélujára. Apá keje kò sí. Wọ́n ti ya bọ́ọ̀lù lé e lórí.

"Mo ti rí ojú màámi," ó ní. "Mi ò tíì gbọ́ ohùn wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí tí wọ́n kú. Mo rántí ọwọ́ wọn dáadáa, mo rántí òórùn ṣọ́ọ̀bù lára wọn, ohùn ni mi ò rántí. Apá mẹ́fà, wọn ò lanu. Ibi tí wọ́n ti wá lanu, bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀. Bàbá Ṣàkírù ní àwọn gba apá keje sí kásẹ́ẹ̀tì fún yín."

"Ó gbà á. Mo dá a padà."

"Ṣé bó ṣe wà lẹ ṣe dá a padà?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù.

Mo wálé ní oṣù kẹjọ. Ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù ṣì wà níbi tó wà. Fìlà nìkan ló ń rán báyìí, ojú ò gba iṣẹ́ mìíràn. Kàdíjà ìyàwó rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́nu ọ̀nà.

"Mùsíò!" Kàdíjà ní, bí wọ́n ṣe máa ń fi Faransé pe àwa ará Àbíjàn. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò tún ní lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa mọ́ báyìí."

"Bẹ́ǹṣì yìí ló ti kéré sí i."

"Bẹ́ǹṣì ò kéré sí i, Mùsíò. Ìdí yín ló ń gba owó oṣù."

Wàlíyátù dé lórí ọ̀kadà láti Ara, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, n kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó gbé fóònù ńlá kan ka orí máṣíìnì Ṣàkírù, a sì wo apá mẹ́fà ní ọ̀sán ọjọ́ méjì.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkọ̀ tí ará ìràwọ̀ gbé wá, táǹkì omi ni. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa orúkọ ẹni tó ni táǹkì rẹ́, kò parẹ́ tán. Ní apá kìíní, èéfín ju ọ̀rọ̀ lọ. Dókítà kan wà nínú eré náà tí kò lè béèrè omi mímu láìsọ gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta. Ní apá kẹta, wọ́n rìn láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé Ara, a sì bá wọn rìn ín tán, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní apá kẹrin, àwọn olè yọ, wọ́n lé ara wọn kiri inú àgbàdo, wọ́n wọ igbó, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ wọn títí eré fi parí.

"Mo ti gbàgbé àwọn olè yìí," Ṣàkírù ní.

"Ẹni tó kọ eré náà gbàgbé wọn ṣáájú ẹ."

"Má bínú sí i. Ìwọ lo ní eré ò dára, ìwọ lo ò tíì gbé ojú kúrò lára ẹ̀ látọ̀sán."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó mú mi níbẹ̀ wà ní apá kejì. Ìyàwó àgbẹ̀ gbé ọkọ́ lé ará ìràwọ̀ lọ́wọ́. Fàòsíyà gbá a mú láti ibi irin. Kò rẹ́rìn-ín, kò ya ẹnu, kò ṣe bí òmùgọ̀ kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ obìnrin kejì fún ìgbà díẹ̀, ó yí ọkọ́ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Kò sẹ́ni tó kọ́ Fàòsíyà ní eré ṣíṣe. Bó ṣe máa ń wo ọwọ́ Ṣàkírù lórí aṣọ tuntun kó tó gé tirẹ̀ nìyẹn gẹ́ẹ́. Nígbà tí mo wò ó ní 1983, n kò tíì dé ìlú tí wọn kò ti gbọ́ èdè mi. Lẹ́yìn ìgbà náà mo fi oṣù mẹ́rin wo ẹnu àwọn èèyàn ní ọjà Àjàmé ní Àbíjàn kí n tó lè béèrè iye nǹkan. Mo mọ ìwò yẹn báyìí. Òṣèré tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, tí aṣọ kọ̀ fún, n kò rò pé ì bá lè wò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó kọ eré náà pẹ̀lú ṣe nǹkan kan tó dára: kò ṣàlàyé ìràwọ̀ náà. N kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni tàbí owó ni kò sí.

Nígbà tí apá kẹfà parí, Wàlíyátù yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Eré náà ní àléébù tó pọ̀."

"Mi ò bi yín léèrè eré."

Kí n tó dáhùn, Ṣàkírù ti wọ inú, ó sì ti jáde pẹ̀lú nǹkan kan tó fi ọ̀rá dì. Inú àpótí tó ń kó abẹ́rẹ́ máṣíìnì sí ló ti bá a. Ó tú u. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni, wọ́n fi bírò kọ "Sùlè Àbíjàn" sí i lára. Rédíò alákásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tó ti fi òwú àti sípíríìtì nu ẹnu ẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o fèsì sórí ẹ̀," ó ní. "Ojú wo lo fèsì sí ni mi ò rántí. Ojú kejì ni mo gba eré sí."

"Ojú kejì ni mo fèsì sí."

Ọwọ́ Ṣàkírù dúró lórí rédíò. "O mọ̀ pé eré ló wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀. Ìyá mi ló wà ní ojú kìíní."

Àwọn ọmọ iléèwé kan kọjá níta, Kàdíjà ta bọ́tìnì fún ẹnì kan, ó sì fún un ní ṣéńjì. Wàlíyátù wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí olùkọ́ ló ṣe sọ ọ́, tí kò fẹ́ kí ọmọ tó ṣìṣe bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi sọ̀rọ̀, Bàbá?"

"Kò lè ju márùn-ún lọ."

Kàdíjà bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin? Ìṣẹ́jú márùn-ún? Mùsíò, ẹ kí mi lánàá, ó ju ìyẹn lọ."

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ojú kan," Ṣàkírù ní. "Ìgbà wo ni Fàòsíyà tó sọ̀rọ̀ nínú eré yẹn?"

"Ìparí," mo ní. "Ìparí pátápátá."

"Nígbà náà, tí o bá sọ ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí wàhálà."

Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré la máa tẹ̀ ẹ́, nítorí okùn inú ẹ̀ ti gbẹ, ó lè já. Wàlíyátù gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ rédíò kó lè gbà á. Ṣàkírù tẹ bọ́tìnì.

Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó mọ́ gaara, inú ẹ̀ ń dùn sí ara ẹ̀. "Àsàláámù àléékùn o. Èmi Sùlàímọ́nù ni mò ń kí yín láti Àbíjàn." Ó kí ìyá rẹ̀. Ó kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti ìyàwó wọn, àti àwọn ọmọ wọn. Ó kí lèmọ́mù. Ó kí Ṣàkírù, ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n jókòó lórí àga òun. Ó kí ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkóríta. Ó ní ẹ bá òun kí ẹni tó ni ewúrẹ́ tó jẹ fìlà òun.

"O rántí ewúrẹ́," Ṣàkírù ní.

Ẹ lè rí inú kásẹ́ẹ̀tì láti ojú fèrèsé kékeré tó wà lára ẹ̀. Apá òsì ń tín-ín-rín, apá ọ̀tún ń sanra. Ojú Wàlíyátù ò kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Mo ń ṣàpèjúwe afárá tó wà lórí omi, mo ń ka iye iná tó wà lórí ẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Fàòsíyà," ohùn náà ní, Wàlíyátù sì gbé orí sókè. "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́ eré ẹ̀. Ẹ ní mo ní ṣé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀run ni? Gbogbo ọ̀nà tó jìn yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín.

Wàlíyátù ò wò mí.

"Ó tó báyìí o," ohùn náà ní.

"Àlùhàmùdúlílà," Kàdíjà ní. Ó ti wọlé, ó dúró lẹ́yìn wa.

"Àmọ́ kí n má gbàgbé..." ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó ní ó tó!" Ṣàkírù pariwo mọ́ rédíò. "O ní ó tó!"

Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dákẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun lọ lọ́dún yẹn. Ó tún kí àwọn ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́. Ohun tó kù ní apá òsì kò ju èékánná lọ nígbà tí nǹkan kan dún tá, tí ohùn rẹ̀ sì dá.

Ariwo ṣọ́ọ̀bù ló tẹ̀ lé e. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ní, "Ẹ dákẹ́ o, ó fẹ́ sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan dé láti inú tẹlifíṣàn, ó rẹlẹ̀, kò yára.

"Ẹ má sìn mí. Mo mọ ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ wà lórí àpáta, àárọ̀ yìí ni mo sá a. Tí òjò bá ṣú, ẹ sáré kó o."

Ohùn ìyàwó àgbẹ̀ ní, "Ṣé o ti ń gbọ́ wa látọjọ́ yìí?"

"Mò ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, orin. Àwọn èèyàn inú ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Láàárín ìpàtẹ́wọ́ náà ni ohùn kan náà tún dún, kò ti inú tẹlifíṣàn wá mọ́, ó sún mọ́ kásẹ́ẹ̀tì gan-an, ó ń yára, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọ̀rọ̀: "Wàlí! Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà!"

Kásẹ́ẹ̀tì tán. Bọ́tìnì ta sókè.

Wàlíyátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó sún wọn sẹ́yìn díẹ̀.

"Òun nìyẹn," Ṣàkírù ní. "Òun fúnra ẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe máa ń pariwo mọ́ ọ nìyẹn."

Wàlíyátù gbé fóònù sí etí, ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wá ibẹ̀. A gbọ́ ohùn mi ní kíkéré, ó fò mí, ó tún fò mí. Ó dé ibi ẹ̀gẹ́, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi ẹsẹ̀, mi ò mọ iye ìgbà. Kò sunkún. Ó kàn ń gbọ́ ọ, bí ẹni tó ń gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Bàbá," ó ní nígbà tó yá, "màá gé ti yín kúrò o."

"Gé e."

"Gbogbo ẹ̀."

"Gé gbogbo ẹ̀. Fi ewúrẹ́ kún un."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá dáhùn ìbéèrè tó bi mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní eré náà fúnra ẹ̀, táǹkì omi àti àwọn olè inú àgbàdo, kò yàtọ̀ sí bí mo ṣe ń wí í ní Àbíjàn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, tí kò ní padà, ohun tó bá sá sóòrùn láàárọ̀ ló máa ń kẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọ ọkọ̀, mo sọ fún ìyá mi pé ṣòkòtò mi wà lórí okùn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ ṣé, Bàbá," Wàlíyátù ní. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ju ìlàjì lọ. Fóònù wà létí rẹ̀.

Ṣàkírù na ọwọ́ sí rédíò. "Ká yí i padà? Ìyá ẹ wà ní ojú kìíní."

Mo ní kó fi sílẹ̀ ná. Wàlíyátù ṣì ń gbọ́ ti ìyá tirẹ̀ lọ́wọ́.